Ṣé Aago Ló Ń Ṣàìsàn Ni?

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aago,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí ìyá rẹ ti lọ síbi iṣẹ́.

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ìbéèrè,

Mo kí ọ o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu, ṣé oòrùn tí ẹ ti ń wọn ilẹ̀ káàkiri lẹ́nu iṣẹ́ yín kò tíì sọ ọ́ di èédú? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà nílé. Ìyá rẹ le koko. Àbúrò rẹ ti ga débi pé ó kù díẹ̀ kó máa bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọ yàrá ìdáná. Èmi alára ń dúpẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ti ń bi mí lórí fóònù pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, tí mo sì ń dá ọ lóhùn pé kò sí nǹkan. Nǹkan wà o. Ṣùgbọ́n ó ti já sí rere, ọkàn mi sì ti balẹ̀, nítorí náà fa àga, kí o jókòó, má sì sáré wo ìsàlẹ̀ ìwé. Mo mọ̀ ọ́, ìwọ ni mo bí.

O rántí ìwé tí o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá, tí o ya ọ̀nà mẹ́ta sí bí ẹni ya ojú ilẹ̀, tí o kọ ọ́ sókè pé "Bí Bàbá Ṣe Lè Di Nọ́ọ̀sì". Ọ̀nà kìíní ni yunifásítì, ọdún márùn-ún, ní ìlú tí o wà lọ́hùn-ún. Ìkejì ni ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn ńlá níbí, ọdún mẹ́ta, ààbọ̀ rẹ̀ nínú kíláàsì, ààbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ìkẹta ni ẹ̀kọ́ ọdún kan fún àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Mo fi í kọ́ ìṣó lókè tábìlì iṣẹ́ mi. Àwọn oníbàárà á wò ó, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ibo lẹ ń lọ?" Màá ní mi ò tíì mọ̀. Ọ̀nà kìíní jìnnà jù, n kò sì lè fi ìyá rẹ sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ìyẹn kò gba àròjinlẹ̀. Láàárín ìkejì àti ìkẹta ni ìjà wà.

Ìwọ náà ti bi mí léèrè, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, pé kí ló dé tí ẹni tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún tún aago ṣe á fi dìde lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. N kò dá ọ lóhùn dáadáa rí. Òótọ́ ni pé fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aago, tó jẹ́ pé àwọn àgbà tó fẹ́ràn aago bàbá wọn nìkan ló kù tó ń wá. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́. Nítorí ìyá àgbà ni. Ọdún méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá wọn dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí mo ti ń kọ̀wé yìí, èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mo ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ara wọn má baà dégbò. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé yẹn, èyí tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Onísáré nítorí ìrìn rẹ̀, òun ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, ìrora mú ìyá àgbà gidigidi. Abẹ́rẹ́ tó máa gbé ìrora náà lọ wà lórí tábìlì. Èmi kò mọ̀ ọ́n fún, n kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fún wọn. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi dúró lójú fèrèsé tí mo ń wọ̀nà. Nígbà tí mo rí Onísáré tó yọ ní kọ́nà, omi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ lọ́kàn ara mi pé ẹni tí wọ́n ń wọ̀nà fún ni mo fẹ́ jẹ́. Mo ti ṣe ẹni tó ń dúró lójú fèrèsé tó.

O mọ ìtàn kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mo ti ń múra ìdánwò sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń béèrè, n kò ní tún un sọ púpọ̀. Bayọ́lọ́jì ṣe mí jẹ́jẹ́. Kẹ́mísírì ni ojú mi ti rí màbo. Àwọn ọmọ tí mo lè bí ló ń ṣàlàyé fún mi, wọ́n ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì, wọ́n sì máa ń fún mi ní àga tó sún mọ́ bọ́ọ̀dù jù lọ bí ẹni pé ojú ló ń dùn mí. Ìgbà kejì ni mo tó yege. Ohun tí n kò sọ fún ọ nìyí: ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́ta. Mo ti pé mẹ́rìnlélógójì. Bí n kò bá wọlé lọ́dún yìí, ó parí nìyẹn, nítorí ọjọ́ ìbí mi á ti kọjá kí wọ́n tó tún gba ẹlòmíràn. Ẹ̀rù yẹn ló mú mi lọ gba fọ́ọ̀mù ọ̀nà kẹta pẹ̀lú, lẹ́yìn rẹ. O ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má yan ọ̀nà kan torí pé ó kúrú. Mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n ojo mú mi.

Ìdánwò orí ìwé ti ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lọ bó ṣe lọ. Ti ojú ibùsùn ni wàhálà wà. Àwa méjìlá ni wọ́n pè lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ tó kọjá. A tò sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Èyí tí inú ń run ló ń kọ̀wé sí ọ yìí. Wọ́n ní kí a bọ́ òrùka, kí a bọ́ aago, kí a fọwọ́ dé ìgbúnwọ́, nítorí nọ́ọ̀sì kì í wọ nǹkan kan sọ́wọ́ tó bá fẹ́ fọwọ́ kan aláìsàn. Láti ìgbà tí mo ti pé ogún ọdún, n kò jáde láìsí aago lọ́wọ́ rí. Ńṣe ló dà bíi pé mo gbàgbé ṣòkòtò sílé.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa kò le. Màmá arúgbó kan wà lórí ibùsùn, aláìsàn gidi, tó gbà láti ràn wá lọ́wọ́. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan wọlé, kó kí wọn, kó di ọrùn ọwọ́ wọn mú, kó ka iye ìgbà tí iṣan wọn lù láàárín ìṣẹ́jú kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Aago ògiri ni kí a fi ka ìṣẹ́jú náà. Àwọn ọ̀gá méjì jókòó sí igun yàrá, ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́, èkejì ni ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, obìnrin kan tí awò ojú rẹ̀ tóbi débi pé mo sọ ọ́ ní Ọ̀gá Awò lọ́kàn mi. Èmi ló kẹ́yìn nínú àwa méjìlá. Mo wọlé, mo kí màmá, mo fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ wọn. Mo rí iṣan náà kíá, ọwọ́ mi ti mọ nǹkan kéékèèké tó ń mì. Mo gbójú sókè wo aago, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà.

Ọmọ mi, aago yẹn ń tiro. Ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá á dé ibi mẹ́sàn-án, á gbọ̀n, á fà sẹ́yìn díẹ̀, kó tó kọjá. Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ wa kò lè tètè rí i. Bátìrì rẹ̀ ló ń kú lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú tí gbogbo àwọn tó ṣáájú mi fi kà gùn ju ìṣẹ́jú lọ, iye tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ. Mo ti ka dé mọ́kàndínlógójì nígbà tí mo rí i. N kò dé ogójì.

Kí lo rò pé bàbá rẹ ṣe? Mo gbé ọwọ́ màmá náà kalẹ̀. Mo fa àga, mo gun un, mo yọ aago kúrò lára ògiri, mo dà á dojú bolẹ̀, mo fi èékánná ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun ti ń yọ lẹ́nu bátìrì. Mo gbé e han àwọn ọ̀gá méjèèjì bí ẹni tó mú olè, mo ní, "Aago yín ń purọ́, mà." Inú mi dùn o. Ká má parọ́, inú mi dùn gan-an.

Ìgbà náà ni màmá náà sọ̀rọ̀ láti orí ibùsùn. Ohùn wọn kò le rárá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé aago ló ń ṣàìsàn ni?"

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo wẹ̀yìn. Mo rí ọwọ́ màmá náà níbi tí mo gbé e kalẹ̀ sí, ó ti rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo rí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì tó yọ síta lábẹ́ aṣọ ìbora, ó funfun fún òtútù. N kò rí ẹsẹ̀ yẹn nígbà tí mo wọlé. Ohun tó ń gbọ̀n lókè ògiri ni mo rí. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mo ti fọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi.

Mo gbé aago náà sórí àga. Mo padà lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ní, "Ẹ má bínú, màmá. Mo ṣìwà hù. Ẹ̀yin ni mo wá wò." Mo bi wọ́n bóyá òtútù ń mú wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní láti àárọ̀ ni. Mo bo ẹsẹ̀ náà, mo ki etí aṣọ bọ abẹ́ gìgísẹ̀ wọn bí mo ṣe máa ń ṣe fún ìyá àgbà kó má baà tún ká kúrò, mo wá tọrọ àyè kí n tún di ọwọ́ wọn mú. Ọ̀gá Awò dìde. Ó tú aago kékeré tó wà láyà aṣọ rẹ̀, ó nà án sí mi, ó ní, "Ẹ kà á, bàbá." Mo ka mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá, mo jáde.

N kò rántí ọ̀nà tí mo gbà délé. Ìyá rẹ bi mí pé báwo ni, mo ní mo tún aago ṣe. Ó ní ìdánwò nọ́ọ̀sì wo ni wọ́n ti ń tún aago ṣe? Nígbà tí mo ròyìn tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ojú mi, ó sì dìde lọ bu oúnjẹ wá fún mi.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́tà dé láti ọ̀nà kẹta. Wọ́n ti gbà mí. Kí n fọwọ́ sí i, kí n dá a padà kí ọ́fíìsì tó tì lọ́jọ́ Ẹtì, ìyẹn ọjọ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á fún ẹlòmíràn. Ilé ìwòsàn kan náà ló ni ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, nítorí náà ẹni tó bá ti fọwọ́ sí ọ̀kan ti yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò nínú èkejì. Mo mú bíírò. Má ṣì mí gbọ́ o, iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ gidi ni, àwọn ló ń gbé aláìsàn dìde, àwọn ló ń bọ́ wọn, bí wọn kò tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti fún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, mo sì júbà wọn. Ká ní ọkàn mi ló yàn án, n kì bá tí dúró rò ó. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó gbé bíírò lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀rù ni, àti ìtìjú aago yẹn.

Ìyá rẹ kò gba bíírò lọ́wọ́ mi. O mọ ìṣe rẹ̀, ó ń to àwọn ìwé ọmọ kíláàsì rẹ̀, kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ fi odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó ti aago bàbá adájọ́ títí ẹ fi tún un ṣe, ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta ló wá ń bà yín lẹ́rù?" Mo ní bí wọn ò bá gbà mí ńkọ́, ibì kan ò ní sí fún mi mọ́. Ó to ìwé mẹ́ta sí i. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ bá wà lórí tábìlì, níbo lẹ fẹ́ dúró sí?" Mo fi ìdérí dé bíírò.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn gùn. Kò sẹ́ni tó pè mí láti ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo ń bá aago kan jà nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sọ síkúrù kékeré kan nù sábẹ́ tábìlì, n kò sì wá a. Agogo mẹ́rin ni ọ́fíìsì wọn máa ń tì. O mọ bí àwọn aago inú ṣọ́ọ̀bù wa kì í gbà láti lù pọ̀. Èyí á lù, òmíràn á tẹ̀ lé e. Mo jókòó síbẹ̀, lẹ́tà náà lórí itan mi láìfọwọ́sí, títí tí èyí tó kẹ́yìn fi lù mẹ́rin tán. Ọ̀nà kẹta tì. Mo pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé, mo lọ jókòó ti ìyá rẹ.

Ọjọ́ Ajé ni Ọ̀gá Awò ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo wọ ọ́fíìsì rẹ̀, aago ògiri yẹn wà lórí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Mo ní, ó dáa, ẹ̀sùn rèé. Ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Bàbá, bí nǹkan bá bàjẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ẹ máa fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹni tó yẹ. Ògiri ì báà wó, ẹ kì í fi ọwọ́ aláìsàn sílẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní òótọ́ ni pé aago náà ń fà sẹ́yìn, àwọn sì ti pe àwọn mọ́kànlá yòókù padà láti tún kà. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, n kò sì mọ̀ bóyá kí n dìde máa lọ.

Ó wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, aláìsàn tó bá wà lórí ibùsùn náà máa ń fún ẹni tó ń ṣèdánwò ní máàkì, tiwọn ló sì wúwo jù. Bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá ti jáde, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi aláìsàn: "Ṣé kí ẹni yìí padà wá bá yín lọ́la?" Ó ṣí ìwé kan, ó kà á fún mi bí màmá náà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Oníṣẹ́ aago yẹn? Ẹ jẹ́ kó padà wá. Òun nìkan ló fi mí sílẹ̀, òun nìkan náà ló sì padà wá bá mi." Ọ̀gá Awò ti ìwé náà, ó ní, "A gbà yín. Ọdún mẹ́ta ni o, bàbá. Ẹ má pẹ́ dé."

Ọmọ mi, mo sunkún níwájú obìnrin olóbìnrin. Kì í ṣe ẹkún ńlá, ṣùgbọ́n ẹkún ni. Gbogbo ohun tó ti di mí láyà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tú.

Mo ní n kò ní lọ sílé láìkí màmá náà. Mo wọ wọ́ọ̀dù, mo bá ibùsùn wọn ní títẹ́, kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Àyà mi já. Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ibẹ̀ rí mi, ó sáré sọ pé, "Rárá o, wọ́n ti lọ sílé. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn lọ lánàá, ọmọ wọn ló wá mú wọn." Lẹ́yìn náà ló wò mí dáadáa, ó ní ṣé èmi ni oníṣẹ́ aago? Mo ní èmi ni. Ó ní màmá náà gbà pé lóòótọ́ ni màá padà wá lọ́jọ́ kejì ìdánwò, nítorí àwọn ọ̀gá bi wọ́n, wọ́n sì dáhùn pé kí n wá. Ó ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni wọ́n ń gbórí sókè, wọ́n ń ní, "Ṣé oníṣẹ́ aago ni?" Wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó lọ: pé ẹsẹ̀ wọn ti móoru.

Odindi ọjọ́ kan, ẹnìkan ti ń wọ̀nà fún mi, n kò sì mọ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Mo máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni màá máa ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ọ̀nà mẹ́ta tí o yà ṣì wà lórí ìṣó, n kò ní já a. O ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ lo fi ọ̀nà hàn mí, èmi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ.

Kí ilẹ̀ tí o ń wọ̀n má ṣe gbé ọ ṣubú. Kí iṣẹ́ rẹ yẹ ọ́, kí ojú má tì ọ́ níbi tí o bá ti ń gbìyànjú, bó bá sì tì ọ́, kí Ọlọ́run fún ọ ní ọgbọ́n àtipadà. Ibikíbi tí o bá dé, kí o bá ẹni tó ń wọ̀nà fún ọ pẹ̀lú ayọ̀ níbẹ̀. Ìyá rẹ àti àbúrò rẹ ṣe àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ dénú,
Oníṣẹ́ Aago, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọdún kìíní.

Àfikún: Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Awò, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n mú aago yẹn lọ. Àná ni mo fi bátìrì tuntun sí i, mo dá a padà, mo sì gbé e kọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo kọ́kọ́ wò ó pé kò sí aláìsàn kankan nínú yàrá, mo sì tọrọ àyè kí n tó gun àga.